Ọlọ́run ò jìnnà, àwa la ò fojú sílẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, ojú ìwé ẹ̀sìn ni mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣí kí n tó lọ wo ti òṣèlú àti bọ́ọ̀lù, ohun tí mò ń kà níbẹ̀ ló sì jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Ẹ̀rí tí àwọn èèyàn ń jẹ́ níbẹ̀ dáa, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀. Ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ jàǹbá ọkọ̀, ẹni tó rí ọmọ bí lẹ́yìn tí wọ́n ti ní kò lè bímọ mọ́, ẹni tí àìsàn gbé dé ẹnu ibojì tó sì padà wálé, gbogbo wọn ló yẹ kó dúpẹ́, àwọn àgbà kúkú ti sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí ò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àmọ́ tí èèyàn bá ń kà á báyìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ohun tó máa jókòó sí i lọ́kàn ni pé ìgbà tí nǹkan ńlá bá ṣẹlẹ̀ nìkan ni Ọlọ́run máa ń yọjú, tó bá ti ṣe é tán á padà síbi tó ti wá, ó di ìgbà míì. Ìyẹn ni mi ò gbà.

Torí ká sòótọ́, mélòó ni nǹkan ńlá nínú ayé èèyàn? Ẹ kó ọjọ́ ìgbéyàwó jọ, ọjọ́ ìbímọ, ọjọ́ tí iṣẹ́ bọ́ sí i, ọjọ́ tí ikú yẹ̀ lórí ẹni, ẹ kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, kò lè kún ọdún kan fún ẹni tó bá lo 70 ọdún láyé. Ìyókù ńkọ́? Ìyókù ni ká jí, ká fọ ẹnu, ká wá ẹsẹ̀ bàtà kan tì, ká dúró de ọkọ̀, ká gbé fóònù tó ń dún, ká fọ abọ́, ká pààrọ̀ aṣọ ọmọ tó tọ̀ sára, ká tún lọ sùn. Tí Ọlọ́run ò bá sí nínú ìyẹn, a jẹ́ pé kò sí nínú ibi tó pọ̀ jù nínú ayé wa nìyẹn. Ọlọ́run tí mo mọ̀ kì í ṣe Ọlọ́run ọjọ́ àjọ̀dún nìkan.

Ẹ wo ìtàn Èlíjà nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 19. Àwọn oníwàásù fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, àmọ́ ibi ìjì, ilẹ̀ tó mì tìtì àti iná ni wọ́n máa ń sáré lọ, pé Ọlọ́run ò sí nínú ìjì, kò sí nínú iná, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi bá a sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀, ibi tí ọkùnrin yẹn ti sá fún Jésíbẹ́lì wọnú aginjù, tó jókòó sábẹ́ igi kan, tó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun, tí oorun wá gbé e lọ níbẹ̀. Kí ni Ọlọ́run ṣe? Kò wàásù fún un. Kò sọ fún un pé ìgbàgbọ́ ẹ̀ kéré. Áńgẹ́lì ló fọwọ́ kàn án, ó ní dìde kóo jẹun, ó wò báyìí ó rí búrẹ́dì tí wọ́n yan lórí ẹyín iná àti ìkòkò omi níbi orí ẹ̀, ó jẹ, ó mu, ó tún dùbúlẹ̀ ó sùn! Áńgẹ́lì ò bínú. Ó tún padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó tún fọwọ́ kàn án, ó ní máa jẹun o torí ọ̀nà yìí jìn fún ẹ. Agbára oúnjẹ yẹn ló fi rìn fún 40 ọjọ́ títí ó fi dé òkè Hórébù, ibẹ̀ ló wá ti gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí gbogbo wa mọ̀.

Ìdí tí mo ṣe dúró pẹ́ níbẹ̀ nìyí. Kí ohùn kankan tó dún, Ọlọ́run ti kọ́kọ́ fi oorun, oúnjẹ, omi àti ọwọ́ tó kàn án lára wà pẹ̀lú ẹ̀. Mo mọ àwọn èèyàn tó ti rẹ̀ débi pé àdúrà gan-an ò jáde lẹ́nu wọn mọ́, ẹnì kan wá wọlé tọ̀ wọ́n lọ́jọ́ kan, ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó gbálẹ̀, ó fọwọ́ lé wọn léjìká, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó lọ. Tí ẹ bá bi wọ́n lẹ́yìn náà wọ́n á ní ní gbogbo àsìkò yẹn, àwọn ò rí Ọlọ́run rárá, ọ̀run ti pa lọ́lọ́. Ta ló wá wọlé tọ̀ yín lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi?

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn méjì tó ń lọ sí Ẹ́máọ́sì náà ńkọ́, ọ̀nà bíi kìlómítà 11, Jésù ń bá wọn rìn ó ń bá wọn tàkúrọ̀sọ, wọn ò dá a mọ̀, ìgbà tó bu búrẹ́dì ni ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ìdí tábìlì oúnjẹ ni o, kì í ṣe orí òkè.

Ọkùnrin kan wà nílẹ̀ Faransé láyé ọjọ́un tí wọ́n ń pè ní Brother Lawrence, Nicolas Herman lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé. Ó ti ṣe sójà rí, ó sì gbọgbẹ́ lójú ogun débi pé ó ń tiro títí ọjọ́ alẹ́ ẹ̀. Ọdún 1640 ló wọ ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn kan ní Paris, kò kàwé tó ẹni tí wọ́n lè sọ di àlùfáà, ilé ìdáná ni wọ́n fi í sí, bẹ́ẹ̀ òun fúnra ẹ̀ ò fẹ́ràn iṣẹ́ ìdáná rárá. Ibẹ̀ ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí ẹsẹ̀ ò gbé e dáadáa mọ́ wọ́n ní kó máa tún sálúbàtà àwọn ará ilé ṣe. Ó kú ní 1691. Kò jí òkú dìde, kò kọ́ kàtídírà, àmọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé àti èèyàn ńlá máa ń wá a wá nínú ilé ìdáná yẹn torí ohun kan ṣoṣo, ó ní àkókò iṣẹ́ òun ò yàtọ̀ sí àkókò àdúrà òun, pé bí ìkòkò ṣe ń hó tí wọ́n ń pe òun lọ́tùn-ún lósì, Ọlọ́run tí òun ń bá sọ̀rọ̀ lórí eékún náà ni òun ń bá sọ̀rọ̀ nídìí ààrò. Ohun tó tù mí nínú jù nípa ọkùnrin yìí ni pé kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ó rọrùn. Ó ní ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkàn òun ń sá kiri, tí òun ń fà á padà, tó tún ń sá lọ, òun ò sì bá ara òun jà lórí ẹ̀, òun kàn ń fà á padà náà ni. Ẹni tó bá gbìyànjú ẹ̀ lówùúrọ̀ ọ̀la tó wá rí i pé kó tó di aago mẹ́wàá òun ti gbàgbé Ọlọ́run pátápátá, kó má rò pé òun ò lẹ́bùn ẹ̀ o, bó ṣe ń rí fún gbogbo èèyàn nìyẹn.

Àwọn Mùsùlùmí ò ní jẹun kí wọ́n má ṣe bísímílà, wọ́n á ṣe é kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, wọ́n á ṣe é kí wọ́n tó mú gègé, Kùránì sì sọ ọ́ kedere nínú Súrà Kọ́áfù pé Ọlọ́run sún mọ́ èèyàn ju iṣan ọrùn ẹ̀ lọ. Àwọn Júù ní tiwọn ní àdúrà ìdúpẹ́ fún oríṣiríṣi nǹkan, ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ àrá, ìgbà tí wọ́n bá rí òṣùmàrè, àwọn olùkọ́ wọn àtijọ́ ní kí èèyàn máa dúpẹ́ nígbà 100 lójúmọ́. Èyí tó wá wọ̀ mí lára jù nínú wọn ni èyí tí wọ́n ń gbà tí wọ́n bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jáde. Ṣé ẹ ti gbọ́ bẹ́ẹ̀ rí? Wọ́n á fọwọ́, wọ́n á wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ọgbọ́n dá èèyàn, tó dá ojú ihò sí i lára, pé tí ọ̀kan nínú ẹ̀ bá dí tàbí tí ọ̀kan bá ya, èèyàn ò lè dúró níwájú Ọlọ́run. Àwọn kan lè ní kí ni Ọlọ́run fẹ́ ṣe ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tí nǹkan yẹn bá ti dí mọ́ lára rí ò ní bèèrè bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi ò lè tọ̀ lóru ọjọ́ kan. Ó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tẹ́lẹ̀, àmọ́ lóru yẹn kò jáde rárá, inú ẹ̀ le koránkorán, ọkùnrin tí mi ò rí kó sunkún rí di ògiri mú ó ń gbọ̀n. A gbé e lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kan báyìí, ọmọdébìnrin ni lójú mi, ó jọ pé ó ti rẹ òun náà torí ojú ẹ̀ pọ́n, ó wá jókòó tì í, ó ní bàbá, ẹ mí sínú, ẹ mí síta, ẹ máa wo ojú mi. Ó ki rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ jáde bọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ìtọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sínú ọ̀rá tó wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo rí i tí èjìká bàbá mi wálẹ̀, ó pa ojú dé, ó ní, “Háà, Olúwa, o ṣé.” Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó máa ń gbàdúrà sókè. Nọ́ọ̀sì yẹn wo ọ̀rá, ó kọ iye tó jáde sínú ìwé, kó tó wá lọ ó fa aṣọ bo bàbá mi nítan torí ìhòòhò ẹ̀ ṣì wà níta, ó sì tẹ́ ẹ dáadáa, kò sí ẹni tó ní kó ṣe é, kò sí ẹni tó ń wò ó yàtọ̀ sí èmi. Níbi aṣọ tó fà yẹn, mo mọ̀ pé Ọlọ́run wà nínú yàrá náà. Mi ò rí ìmọ́lẹ̀ kankan, mi ò gbọ́ ohùn. Mo kàn mọ̀ ni.

Dókítà tó wá láàárọ̀ ló ṣàlàyé fún wa pé kíndìnrín èèyàn ń sẹ́ omi inú ẹ̀jẹ̀ tó bíi lítà 180 lójúmọ́, ó sì ń dá èyí tó pọ̀ jù lọ padà sínú ẹ̀jẹ̀, bíi lítà kan sí méjì péré la máa ń tọ̀ dànù. Lójoojúmọ́ o! Bá a ṣe sùn ó ń ṣe é, bá a ṣe ń bínú síra wa ó ń ṣe é, bá a ṣe ń sọ pé Ọlọ́run ò ṣe nǹkan kan fún wa lọ́dún yìí ó ṣì ń ṣe é. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń dúpẹ́ tí mo bá tọ̀, mo sì ń sọ ọ́ níbí láìtijú.

Ẹ má rò pé ibi tó dùn nìkan ni mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ tó le jù nínú gbogbo èyí ni ti ẹni tí nǹkan ò dáa fún. Tí ọkọ̀ kan bá dànù lójú títì, tí ẹnì kan yè tí àwọn yòókù kú, ẹni tó yè á dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì á ní Ọlọ́run wà pẹ̀lú òun nínú ọkọ̀ yẹn, gbogbo wa á ní halelúyà. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn tó kú lè jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ tó ń gbọ́ o, kí la fẹ́ kó rò? Ṣé Ọlọ́run ò sí lórí ìjókòó ọkọ tiẹ̀ ni? Mo máa ń fẹ́ ká ro tirẹ̀ mọ́ ọn ká tó gbé gbohùngbohùn. Dáfídì ò sọ pé òun ò ní gba àfonífojì òjìji ikú kọjá, ohun tó sọ ni pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú òun níbẹ̀. Jóòbù ò rí ìdáhùn kan ṣoṣo sí ìdí tí ìyà fi jẹ òun, Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ló rí. Tí a bá ti sọ pé bí nǹkan bá dáa ni Ọlọ́run wà, a ti lé e kúrò lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tí nǹkan ò dáa fún nìyẹn, àwọn gan-an ló sì sún mọ́ jù.

Bàbá mi ò sí mọ́ báyìí. Lọ́jọ́ tó lọ kò sí ìyanu, a gbàdúrà, ó lọ náà ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó síbi orí ẹ̀, ó ń fi òwú tó rin ra ètè ẹ̀ torí ó ti gbẹ, ó ń ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì ń sọ orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí, Ọlọ́run tó wà nínú yàrá ọsibítù lóru tí ìtọ̀ jáde náà ló wà nínú yàrá yìí. Mo sunkún púpọ̀, mo sì tún gbà á gbọ́, ọ̀kan ò lé èkejì jáde.

Mo fẹ́ tún sọ nǹkan kan kí wọ́n má ṣì mí gbọ́. Àwọn kan wà tí gbogbo nǹkan jẹ́ àmì fún, nọ́ńbà ara ọkọ̀, ẹyẹ tó bà lójú fèrèsé, aago tí wọ́n wò tó jẹ́ 11:11, wọ́n á ní Ọlọ́run ń bá àwọn sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ohun tí mò ń wí nìyẹn, mo tiẹ̀ rò pé ó léwu, torí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ara ẹ̀ ló ń wò, ohun tó fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe fún òun ló ń wá kiri. Ignatius ti Loyola, ẹni tó dá ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà kan sílẹ̀ nínú ìjọ Kátólíìkì, tí ọta àgbá fọ́ lẹ́sẹ̀ lójú ogun ní Pamplona ní 1521, ibi tó dùbúlẹ̀ sí tí egungun ń jinná ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí ọkàn ara ẹ̀. Ó rí i pé tí òun bá ń ro ògo ayé, inú òun á dùn nígbà tó bá wà lórí ẹ̀, àmọ́ tó bá ti tán ọkàn òun á gbẹ, tí òun bá wá ń ro bí àwọn ẹni mímọ́ ṣe gbé ayé wọn, ayọ̀ yẹn máa ń kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí ìrònú náà ti lọ. Ohun tó kù sílẹ̀ yẹn ni ká wò. Tí nǹkan tí o pè ní àmì Ọlọ́run bá ń sọ ẹ́ di agbéraga, tó ń lé ẹ lọ́kàn sókè, tó ń jẹ́ kóo máa fojú burúkú wo àna rẹ, tún un wò o. Èyí tó bá jẹ́ ti Ọlọ́run máa ń mú èèyàn rọ̀, á jẹ́ kéèyàn túbọ̀ rí ẹni tó wà níwájú ẹ̀.

Ignatius yìí kan náà ló kọ́ àwọn tiẹ̀ pé kí wọ́n máa jókòó lálẹ́ kí wọ́n yẹ ọjọ́ wọn wò látàárọ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí ìdúpẹ́. Èmi náà ń ṣe é. Kò gùn. Mo máa ń gbé fóònù sí yàrá míì, torí tó bá wà nítòsí ó ti parí nìyẹn, màá wá bi ara mi pé ta ló ṣe mí lóore lónìí tí mi ò kíyè sí i, ibo ni ọkàn mi ti rọ̀, ibo ló ti le. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe jẹ́ pé nǹkan tí mo rò pé ó já mọ́ nǹkan lọ́sàn-án kì í wá sọ́kàn, ẹni tó dúró dè mí kó tó ti ilẹ̀kùn ló máa ń wá, ọmọ tó sùn lé mi láyà, ìrì ara ewé tí mo fẹsẹ̀ kọjá lára ẹ̀ láàárọ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mi ò rí nǹkan kan rárá, gbogbo ẹ̀ gbẹ táútáú. Màá kàn sọ pé Olúwa, mi ò rí ọ lónìí, màá sùn.

Olóòtú, ohun tí mo wá tọrọ lọ́wọ́ yín nìyí. Lójú ìwé ẹ̀rí yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi igun kan sílẹ̀ fún àwọn tí nǹkan ńlá kankan ò ṣẹlẹ̀ sí. Ìyá tó ń tọ́jú ọmọ tí ara ẹ̀ ò tíì yá, ẹni tó ṣì ń wáṣẹ́, opó, awakọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti rí Ọlọ́run lọ́sẹ̀ yìí, ìlà mẹ́rin sí márùn-ún tó fún ẹnì kan, kò lè gba àyè ìpolówó lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì dá lẹ́tà wọn padà pé kò ní ìparí, torí ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà nínú ẹ̀ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti ọjọ́ pípẹ́